Ọ́ìlì ń kán lábẹ́ skútà yín? Ẹ wá ibi tó ti ń jò kẹ́ ẹ tó mú sípánà

Ẹ fẹ́ gbé skútà yín jáde lówùúrọ̀, ẹ rí àbàwọ́n dúdú nílẹ̀ níbi tó sùn sí mọ́jú, ẹ tẹ̀ba wo abẹ́ ẹ̀, ẹ rí ọ́ìlì tó ń kán lára nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kíá lọwọ́ á ti máa yún èèyàn láti fún nọ́ọ̀tì yẹn le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún nǹkan kan o. Àìmọye èèyàn ló ti bọ́ ojú nọ́ọ̀tì báyìí, tí jíjò kékeré tó ń bọ̀ láti òkè sì di iṣẹ́ ńlá nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sábà máa ń yàtọ̀ síbi tó ti ń jáde. Òrùlé tó ń jò náà nìyẹn, ihò lè wà lápá ọ̀tún kí omi wá máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì lápá òsì. Ọ́ìlì tó bá yọ lókè ẹ́ńjìnnì á ṣàn gba ara sílíńdà wá sílẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á máa tì í sẹ́yìn, tó bá sì jẹ́ skútà tí fáànù ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni, fáànù yẹn á tún tàn án káàkiri, tó bá wá dé ìsàlẹ̀ tán, ohun tó bá yọ orí jáde jù lọ ló máa so mọ́ kó tó já bọ́, nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú da ọ́ìlì ló sì sábà máa ń yọ orí jù. Nítorí náà iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa ni ká wá ibi tó ga jù lọ tó tutù fún ọ́ìlì. Ibẹ̀ ló ti ń jò. Gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ ẹ̀, ọ́ìlì kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ṣé ẹ ṣì lè gùn ún?

Ẹ yanjú ìyẹn ná. Tí ọ́ìlì bá ti kan táyà ẹ̀yìn tàbí ó ti wọ inú bíréèkì, ẹ má gùn ún rárá, kódà kó jẹ́ dé ìta lásán, torí táyà tí ọ́ìlì bá wà lára ẹ̀ ò ní dì mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá yà sí igun. Tí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì bá ti wálẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀ lára géèjì, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ má tan án. Ẹ rántí pé ọ́ìlì inú skútà kò pọ̀ o, àwọn ẹ́ńjìnnì GY6 ti 125cc àti 150cc tó kún ayé yìí, bíi lítà 0.8 péré ló ń gbà, tí 200 ml bá jò dànù níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Tí ọ́ìlì bá sì ń kán sórí sàléńsà tó ń rú èéfín, ẹ dúró, torí iná.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó kàn tutù díẹ̀ lójú ibi tí irin méjì ti pàdé, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò kán sílẹ̀ rárá, ìyẹn ò lè pa ẹ́ńjìnnì lónìí. Ẹ máa wo géèjì déédéé, kẹ́ ẹ wá àyè tún un ṣe nígbà tó bá rọrùn.

Kí ló ń jò gan-an?

Nǹkan olómi tó wà lára skútà ju ọ̀kan lọ. Ẹ tẹ́ páálí tàbí bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fi bírò sàmì síbi tí táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn wà lórí páálí yẹn, kẹ́ ẹ lè mọ apá ibi tó kán sí tó bá di òwúrọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ máa ń dúdú, tuntun máa ń pọ́n bí oyin, méjèèjì ló ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọ́ìlì gíà, ìyẹn èyí tó wà nínú àpótí gíà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, sábà máa ń ki ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, òórùn ẹ̀ sì máa ń ta èèyàn nímú, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Epo bẹntiróòlù ẹ̀yin náà mọ òórùn ẹ̀, ó sì máa ń gbẹ kíá. Omi rédíétọ̀ máa ń ní àwọ̀, bíi búlúù tàbí àwọ̀ ewé, kì í sì í yọ̀ tó ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ lára àwọn ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú lẹ ti rí i, síìlì ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lára ọ̀pá, ló bàjẹ́, ìyẹn ò kan ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà nínú gbogbo wọn ni ọ́ìlì bíréèkì. Ó fúyẹ́, ó mọ́ tàbí kó pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń jẹ kíkùn lára skútà. Tẹ́ ẹ bá rí i lára kálípà, ìyẹn irin tó ń fún díìsì bíréèkì mú, tàbí lábẹ́ ìmú bíréèkì lórí ọwọ́ skútà, ẹ pa gbogbo nǹkan tí mò ń sọ yìí tì, kẹ́ ẹ lọ tún bíréèkì ṣe ná.

Ẹ̀yin tí skútà yín jẹ́ two-stroke, ti yín yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tó ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yín bíi ti àwa yòókù, táńkì ọ́ìlì kékeré lẹ ní, tí páńpù ń fà lọ pò mọ́ epo. Ẹ wo họ́ọ̀sì táńkì yẹn àti ìdí páńpù, ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Nǹkan dúdú tó ń yọ́ jáde lójú ibi tí sàléńsà ti so mọ́ sílíńdà, ọ́ìlì tí kò jó tán ni, gáskẹ́ẹ̀tì sàléńsà, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì, lẹ máa pààrọ̀.

Nǹkan méjì tí ò náni lówó, ẹ yẹ̀ wọ́n wò ná

Àkọ́kọ́, bóyá ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Ẹ gbé skútà sórí stáńdì àárín, kí ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ padà. Ibí yìí ló máa ń da èèyàn rú: skútà kan wà tó jẹ́ pé ẹ kàn máa fi géèjì lé ojú ihò ni, ẹ ò ní yí i wọlé, òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ yí i wọlé tán kẹ́ ẹ tó fà á yọ wò, ìwé tó bá skútà yín wá ló máa sọ èwo ni. Tẹ́ ẹ bá ṣì í wò, ẹ máa rò pé ọ́ìlì kéré, ẹ máa bu sí i, á wá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á sì máa pọ̀ ọ́ jáde gba họ́ọ̀sì tó fi ń mí. Họ́ọ̀sì yẹn sábà máa ń lọ sínú àpótí fíltà afẹ́fẹ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì nínú àpótí fíltà tàbí nínú túùbù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ wo géèjì dáadáa kẹ́ ẹ tó ra gáskẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ fa ọ́ìlì tó lé yọ, ó lè jẹ́ gbogbo ìwòsàn ẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì ni họ́ọ̀sì tó fi ń mí yẹn fúnra ẹ̀. Nígbà tí písítìn ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí họ́ọ̀sì bá ká, tàbí ó ti dí, tàbí ẹnì kan fi nǹkan dí i lẹ́nu nígbà tó ń tún skútà ṣe, afẹ́fẹ́ yẹn á máa ti ọ́ìlì gba ojú gbogbo síìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì tó bá rọ díẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gba èyí gbọ́ gan-an: tí ibi mẹ́ta bá ń jò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ra gáskẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ lọ wo họ́ọ̀sì yẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ gbà á kọjá fàlàlà. Tó bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ṣì ń tú jáde gidigidi látinú ẹ́ńjìnnì tí èéfín búlúù ń bá sàléńsà jáde, ó ṣeé ṣe kí ríìngì písítìn ti jẹ, kò sí gáskẹ́ẹ̀tì tó máa wo ìyẹn.

Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó wá a

Kò sẹ́ni tó lè rí ojú ibi tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì àti eruku ti bò. Ẹ yọ àpótí abẹ́ ìjókòó àti àwọn ike ẹ̀gbẹ́ tó bá dí yín lójú, ẹ ya fọ́tò bí wáyà àti họ́ọ̀sì ṣe wà kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fi láìlọ́ọ̀nù wé ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti orí àwọn wáyà, kẹ́ ẹ wá fi kẹrosíìnì tàbí oògùn ìfọ-ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ le díẹ̀ fọ gbogbo ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè wá sílẹ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ o, oru ẹ̀ tó ń fẹ́ kiri lè gbaná lára iná kékeré tó bá ta lára wáyà. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ omi alágbára fẹ́ ẹ lójú síìlì, omi á wọlé síbi tí kò yẹ kó dé. Ẹ fi àkísà nù ún, kó gbẹ dáadáa, títí kan inú àwọn kọ̀rọ̀ láàárín ìyẹ́ sílíńdà.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fín pọ́dà funfun sí gbogbo ibi tẹ́ ẹ fura sí. Pọ́dà ọmọdé lásán ṣeé lò, èyí tí wọ́n ń fín sẹ́sẹ̀ látinú agolo tún dáa jù torí ó máa ń lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kó gbóná dáadáa, tí ibi tó ń jò ò bá léwu ẹ gùn ún lọ kẹ́ ẹ padà, ìrìn kúkúrú ni o, kì í ṣe ti gbogbo ọjọ́, torí tó bá pẹ́ ọ́ìlì á ti tún tàn káàkiri, á di pé ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá mú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí pọ́dà ti yí padà sí dúdú tó ga jù, ẹ tì í mọ́lẹ̀, òun nìyẹn. Tí ojú ò bá tó ibẹ̀, ẹ na fóònù yín wọ inú kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ fi ká fídíò.

Tí jíjò náà bá kéré débi pé pọ́dà ò mú un, àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì, tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i, á máa tàn yanran lójú ibi tó ti ń yọ. Ó dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni pọ́dà á ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ lókè: kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì

Èyí ló wọ́pọ̀, òun náà ló sì rọrùn jù. Gáskẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà lábẹ́ kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, máa ń gan bí ike lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó bá ti ń gbóná tó ń tutù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ tú họ́ọ̀sì tó bá wà lára kọ́fà, ẹ tú bóòtù díẹ̀díẹ̀ ní igun sí igun, lára GY6 mẹ́rin ni, sípánà 8 ló máa ń gbà á. Tí kọ́fà bá lẹ̀, ẹ fi ìdí skúdíráfà tó jẹ́ ike gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki irin sáàárín ẹ̀ kẹ́ ẹ fi gbé e, irin rírọ̀ ni, ìlà kékeré tẹ́ ẹ bá fà síbẹ̀ lónìí, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ títí ayé ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ fi igi tàbí ike ha ojú méjèèjì mọ́, kí ìdọ̀tí má já sínú. Ẹ tẹ gáskẹ́ẹ̀tì tuntun wọ inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà fún un, kó jókòó yíká láìsí ibi tó wú, ẹ fi ọ́ìlì tín-ín-rín pa á lára, ẹ dá kọ́fà padà, ẹ de bóòtù ní igun sí igun. Àwọn bóòtù M6 yìí, bíi 10 Nm ló ń fẹ́, ìyẹn kéré gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní sípánà tó ń díwọ̀n agbára, ẹ lò ó. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ di sípánà mú níwájú pẹ́kípẹ́kí, nítòsí bóòtù, kì í ṣe nídìí, kẹ́ ẹ má fi gbogbo ara fà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ti gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì, torí ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tó bá ti tutù, wọ́n á fún gọ́ọ̀mù sí i bí ẹni tó ń fi ọṣẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Èyí tó bá yọ síta ẹ máa rí i, èyí tó yọ sínú ẹ ò ní rí i, á já, á bá ọ́ìlì lọ, á lọ dí asẹ́ tàbí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà dé ìdí kámù lókè, ẹ́ńjìnnì tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ju pé ó ń tutù lára á wá di èyí tó kú. Gáskẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó ní ihò tirẹ̀ kò nílò gọ́ọ̀mù. Ti bébà náà kì í sábà fẹ́ ẹ. Àfi ibi tí ìwé skútà yín bá dárúkọ, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ bí okùn ìránṣọ.

Nítòsí ibẹ̀, lẹ́yìn sílíńdà, tẹńṣánà ṣéènì wà, ìyẹn ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le. Gáskẹ́ẹ̀tì kékeré àti ó-ríìngì (òrùka rọ́bà) ẹ̀ máa ń jò, àwọn èèyàn á sì rò pé gáskẹ́ẹ̀tì ìdí sílíńdà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tú bóòtù àárín ẹ̀ ná, ẹ ki skúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ yí i sí apá ọ̀tún kó fi fa orí ẹ̀ wọlé, bó ṣe rí lára GY6 nìyẹn, kẹ́ ẹ tó wá tú bóòtù méjèèjì tó dì í mú. Nígbà tí tẹńṣánà bá wà níta, ẹ má yí ẹ́ńjìnnì, ẹ má tẹ kíkì, ẹ má tẹ státà, torí ṣéènì lè fo eyín kan, fáàfù á sì máa ṣí nígbà tí kò yẹ.

Tó bá wá jẹ́ ojú ibi tí héèdì àti sílíńdà ti pàdé, tàbí ìdí sílíńdà gan-an, iṣẹ́ ìyẹn ju ti ilé lọ fún ẹni tí kò tú ẹ́ńjìnnì rí. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ fi fọ́tò pọ́dà hàn án kó má lọ máa tú ohun tí kò ní láárí.

Nísàlẹ̀: nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú da ọ́ìlì

Tí gbogbo òkè bá gbẹ, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló tutù, a lè wá dá nọ́ọ̀tì yẹn lẹ́bi báyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́ṣà ẹ̀ ni wọ́n ti lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́ṣà bàbà tàbí alumíníọ̀mù yẹn, ṣe ló ń tẹ́ láti fi dí ojú ihò, tó bá ti tẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní tẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ máa fi tuntun sí i nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pa ọ́ìlì dà. GY6 ní ìdérí ńlá kan lápá òsì nísàlẹ̀ tí asẹ́ àti sípíríǹgì wà nínú ẹ̀, ó-ríìngì ló ń dí ìyẹn, kì í ṣe wọ́ṣà. Tẹ́ ẹ bá ń tú u, ẹ fi ọwọ́ gbé e torí sípíríǹgì á fẹ́ ta jáde, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn, ẹ fọ asẹ́, ẹ fi ó-ríìngì tuntun tẹ́ ẹ ti fi ọ́ìlì pa lára sí i, ẹ fi ìka yí ìdérí wọlé ná kó má bàa wọ ojú ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Tí nọ́ọ̀tì bá ń yí ṣáá tí kò le, ojú ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má fi táfílọ́ọ̀nù tàbí gọ́ọ̀mù tàn ara yín jẹ, tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà gbogbo ọ́ìlì ló máa dà sábẹ́ táyà yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè gbẹ́ ojú tuntun sí i tàbí kó fi helicoil sí i, ìyẹn ojú irin tí wọ́n ń fi sínú ihò, ó máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ó-ríìngì tó wà lọ́rùn géèjì ọ́ìlì. Ó kéré, owó pọ́ọ́kú ni, ó sì lè rin gbogbo apá kan ẹ́ńjìnnì.

Inú kọ́fà bẹ́líìtì

Èyí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Skútà tó ní CVT, ìyẹn gíà tí bẹ́líìtì àti púlì ń yí padà fúnra ẹ̀, apá bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, kò yẹ kí ọ́ìlì dé ibẹ̀ rárá. Tó bá dé ibẹ̀, bẹ́líìtì á máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo tí skútà ò sì ní sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, tàbí kẹ́ ẹ rí ọ́ìlì dúdú tó ń yọ́ lójú kọ́fà lápá òsì.

Ẹ tú kọ́fà. Gígùn bóòtù ẹ̀ lè má dọ́gba, nítorí náà ẹ ya àwòrán kọ́fà sórí páálí, kẹ́ ẹ gún bóòtù kọ̀ọ̀kan síbi tó ti wá. Ẹ wá wo ibi tó tutù. Tó bá jẹ́ iwájú, lẹ́yìn púlì tó wà lára kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìn ń yí, síìlì kíráńkì ni, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, síìlì àpótí gíà ni, ọ́ìlì gíà sì ni, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ láti fi mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí gíríìsì da yín rú o, gíríìsì tó wà nínú púlì ẹ̀yìn lè ta díẹ̀ jáde kó pò mọ́ eruku bẹ́líìtì, ìyẹn máa ń ki, kì í sì í ṣàn.

Láti pààrọ̀ síìlì kíráńkì, púlì iwájú gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń di púlì mú dì í, ẹ má ki skúdíráfà sínú ìyẹ́ ẹ̀, á ṣẹ́. Tí nọ́ọ̀tì bá tú, ẹ fa púlì jáde pọ̀ mọ́ irin àárín ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí rólà inú ẹ̀ má bàa tú ká. Síìlì á hàn báyìí. Ẹ wo bó ṣe wọlé jìn tó, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ni, fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti bó ṣe nípọn tó, nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi ra òmíràn. Ẹ fi ìkọ́ síìlì fà á jáde, kí ẹnu ìkọ́ má kan ọ̀pá kíráńkì, torí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀pá yẹn tó láti jẹ́ kí síìlì tuntun náà máa jò.

Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ fi èékánná ra ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá kan ojú ibi tí síìlì àtijọ́ ti jẹ ẹ́ yíká, ẹ jẹ́ kí tuntun jókòó díẹ̀ síwájú tàbí díẹ̀ sẹ́yìn kí ẹnu ẹ̀ bọ́ sórí ibi tó ń dán, tí àyè bá wà. Ẹ fi ọ́ìlì pa ẹnu síìlì tuntun, ojú tó ní sípíríǹgì ló máa kọjú sí ọ́ìlì nínú, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fífẹ̀ ẹ̀ bá ti síìlì mu, ẹ gbá a jẹ́jẹ́ wọlé yíká, kó má wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ.

Bẹ́líìtì tó ti mu ọ́ìlì, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn, àmọ́ fífọ̀ ò ní mú un padà sípò, rọ́bà ẹ̀ á wú á sì já níbi tẹ́ ẹ ò rò. Ojú púlì méjèèjì àti inú kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi oògùn ìfọ-bíréèkì nù wọ́n títí àkísà á fi mọ́ jáde.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà ni àṣìṣe tó burú jù máa ń wáyé. Tẹ́ ẹ bá gbé bẹ́líìtì sórí ọ̀pá iwájú tó sì na le, ó lè há sáàárín ojú púlì àti irin àárín, ẹ máa de nọ́ọ̀tì, á le, ẹ máa rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì ló ń ta kò yín. Tí bẹ́líìtì bá wá jókòó nígbà tẹ́ ẹ tan án, nọ́ọ̀tì á dẹ̀, púlì á máa mì, á sì jẹ eyín orí kíráńkì. Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya púlì ẹ̀yìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí bẹ́líìtì rì wọ inú ẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kó dẹ̀ níwájú, ẹ fi ọwọ́ mì ín kó hàn pé kò há. Ẹ wá de nọ́ọ̀tì dé iye tí ìwé skútà yín kọ, kẹ́ ẹ yí púlì lọ́wọ́ kó fi hàn pé gbogbo ẹ̀ ń yí geere.

Apá ọ̀tún, níbi fáànù àti mágínẹ́tò, síìlì tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa fúláìwíìlì, ìyẹn irin rìbìtì tí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Òòlù ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ á fọ́, kíráńkì sì lè tẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn

Síìlì ọ̀pá táyà ẹ̀yìn tó bá jò, ọ́ìlì gíà ló máa wọ inú bíréèkì. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ihò tí àpótí gíà fi ń mí ti dí, tàbí ẹnì kan ti da ọ́ìlì kún un ju bó ṣe yẹ lọ, àpótí yẹn kéré, ti GY6 sábà máa ń gbà bíi 100 sí 120 ml. Síìlì náà, bákan náà lẹ ṣe máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ sì máa fi tuntun sí i bíi ti kíráńkì. Bíréèkì ṣúù tí ọ́ìlì ti rin, ẹ ra tuntun, ẹ má sun ún nínú iná bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kò ní mú skútà dúró dáadáa mọ́. Ẹ fọ inú dírọ́ọ̀mù mọ́, ẹ nu táyà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi.

Nípa oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì kó má jò mọ́, ṣe ló ń mú rọ́bà síìlì wú fúngbà díẹ̀, síìlì tó ti ya ò lè tún lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tó ki ju èyí tí ìwé yín sọ lọ, ẹ má fi pa jíjò, á pẹ́ kó tó dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tó tutù.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ da ọ́ìlì tó yẹ sí i, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, ẹ tún wo géèjì. Ẹ tún fín pọ́dà síbi tẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ gùn ún lọ bọ̀, ẹ wò ó. Ẹ tẹ́ páálí tuntun sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú. Tó bá ti rìn bíi 100 km, kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi sípánà kan àwọn bóòtù tẹ́ ẹ dè bóyá ọ̀kan ti dẹ̀, kan ni mo sọ o, ẹ má fún wọn sí i. Ọ́ìlì àtijọ́ tẹ́ ẹ dà, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kẹ́ ẹ dé e pa, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sílẹ̀.